Ìpara tí a yẹ̀ wò, tí ara Ìyá Ìbejì sì kọ̀

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí ọyẹ́ ti mú ní Ilé-Ifẹ̀ débi pé ètè gbogbo wa ló ń sán, Ìyá Ìbejì wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Parákin. Kò jókòó. Ó yọ ike ìpara kan nínú báàgì, ó gbé e ka orí káńtà, ó wá ṣí ìborùn tó fi bo ọrùn.

"Àǹtí, ẹ wo ohun tí ìpara yín fojú mi rí."

Ọrùn rẹ̀ ti dúdú ju ojú rẹ̀ lọ. Ó ki, ó sì le bí èèpo ọsàn tó ti gbẹ. Àwọn ibì kan ti bó, omi ń sun níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì náà rí bẹ́ẹ̀, àárín ìka ló tún burú jù. Ó ní òun ò rí oorun sùn mọ́, pé òru gan-an ni yíyún ọ̀hún máa ń le. Lára ike tó wà níwájú mi, ọ̀rọ̀ tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n tẹ̀ sí i ni mò ń wò: "A ti yẹ̀ ẹ́ wò ní láàbù. Ó dára fún awọ ẹlẹgẹ́."

Ìyá Ìbejì ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó ní kí n ṣáà má dárúkọ òun. Èmi náà fẹ́ kọ ọ́, torí àwa tí à ń po ìpara nínú ilé pọ̀ ní Ifẹ̀ àti Ilésà, àyẹ̀wò tí mo ṣe yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, tí ọkàn wa á sì balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìpara náà ṣe rí. Nínú gíráàmù 100, omi jẹ́ 70, òrí tí wọ́n ń gbé wá fún mi láti Ṣakí jẹ́ 12, gílísírìnì 6, ìda tó ń jẹ́ kí omi àti òróró gbà fún ara wọn 6, òróró àgbọn 5. Gíráàmù kan tó ṣẹ́kù ni kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìpara bu. N kì í fi lọ́fínńdà sí i rárá, nítorí mo mọ̀ pé lọ́fínńdà wà lára ohun tó ń dá awọ ẹlẹgẹ́ láàmú jù lọ.

Kí n tó tà á, mo yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Awọ ara fẹ́ kíkan díẹ̀: pH tirẹ̀ (òdiwọ̀n bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe kéré tó ni nǹkan ṣe kan tó) kì í sábà ju 5.5 lọ, nígbà tí ti ọṣẹ ìfọṣọ máa ń tó 9 tàbí 10. Ìpara mi wà ní 5.3. Mo gbé e fún láàbù kan kí wọ́n bá mi ka kòkòrò inú rẹ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISO 17516 ní kí ó má ju 1,000 lọ nínú gíráàmù kan, kí ó má sì ju 100 lọ bó bá jẹ́ ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Tèmi kò pé 10. Mo fi ike mẹ́fà sínú àpótí gbígbóná fún oṣù mẹ́ta, òróró kò yapa kúrò lára omi. Lẹ́yìn náà ni mo kó ogún ènìyàn jọ, ará ilé, ará ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ yunifásítì tó máa ń ra ọjà lọ́wọ́ mi. Mo fi ìpara sí wọn lápá, mo fi pílásítà bò ó fún wákàtí 24, mo wá pín fọ́ọ̀mù fún wọn. Ṣé ó pupa? Ṣé ó wú? Ṣé ó ń ta yín? Gbogbo wọn kọ "Rárá." Bí ọ̀rọ̀ orí ike yẹn ṣe délẹ̀ nìyẹn.

Nínú oṣù Keje, òjò rọ̀ gan-an, ìpara tí mo pò nígbà náà sì bu. Èébu funfun yọ lábẹ́ ìdérí. Òrí lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí kò sí omi nínú rẹ̀. Ibi tí omi bá wà ni kòkòrò ti ń rí ayé jẹ. Mo pinnu láti pààrọ̀ kẹ́míkà tí mò ń lò. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní Èkó ni mo ti ra èyí tuntun, nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré tí orúkọ ọjà nìkan wà lára rẹ̀. Mo bi í ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Màdámù, gbogbo ayé ló ń lò ó." Mo pò ó, mo wọn pH, mo tún gbé e lọ fún kíka kòkòrò. Èsì rẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. N kò kó ogún ènìyàn jọ mọ́. N kò sì yọ ọ̀rọ̀ orí ike kúrò.

Àṣìṣe mi tó tóbi jù nìyẹn, èmi ni mo sì ṣe é. Ìpara kan ni mo yẹ̀ wò, òmíràn ni mo tà.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá jókòó tán lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè, ọkàn mi sì ń wá ibi tí yóò gbé ẹ̀bi sí. Mo ń rò ó pé ọyẹ́ ni, tàbí ọṣẹ. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun kan tó jẹ́ kí n gbàgbé àwíjàre: ọwọ́ rẹ̀ ti ń yún un láti oṣù Kẹsàn-án, kó tó ra ìpara lọ́wọ́ mi rárá. Nítorí ọwọ́ náà gan-an ló ṣe rà á. Olùkọ́ ni ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, àwọn ìbejì rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́sàn-án nígbà náà, ìdí ọmọ méjì ló ń nù tọ̀sán-tòru. Wáìpù ló fi ń nù ún, ọ̀rá méjì lọ́sẹ̀ kan, nígbà míràn mẹ́ta. Ó ti rò pé làpálàpá ni, ó ti ra ìpara oníṣẹ́ mẹ́ta ní kẹ́mísìtì. Yíyún náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ó tún padà dé. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi tèmi pa ọwọ́ àti ọrùn, kò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ọrùn náà fi gbiná.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Mo kó gbogbo ohun tí mo fi ń po ìpara dání nínú ìgò kéékèèké, títí kan kẹ́ẹ̀gì yẹn, Ìyá Ìbejì náà mú ọ̀rá wáìpù rẹ̀ lọ́wọ́. Dókítà kò tíì wo ọwọ́ rẹ̀ tó fi gba ọ̀rá náà, ó yí i sẹ́yìn, ó ń fi ojú wá nǹkan nínú àwọn lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Ó rí i: methylisothiazolinone. MI ni wọ́n ń gé e sí; ọ̀kan lára kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí nǹkan bu ni. Ó ní ká má tíì sọ pé òun ni, àfi tí ẹ̀yìn Ìyá Ìbejì bá jẹ́rìí sí i.

Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ lọ́jọ́ náà ni n kò mọ̀ kedere tẹ́lẹ̀. Nǹkan méjì ni à ń fi orúkọ kan pè. Ọ̀kan ni ohun tó ń ta ni lára. Ata rodo ń ta ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbo ó. Bó ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe ta tó, bí ọwọ́ bá sì mọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìkejì ni ohun tí ara ẹnì kan kọ̀. Ìyẹn kò kan líle nǹkan náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ edé, ẹyọ kan nínú ìkòkò ọbẹ̀ tó láti dá a dùbúlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó jọ ń jẹun ń lá ìka. Ti awọ ara kàn máa ń pẹ́ ju ti edé lọ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò sí ohun tí wàá rí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa dá nǹkan náà mọ̀, ìkọ́ni yẹn sì máa ń gbà tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Nígbà míràn ènìyàn lè lo nǹkan fún oṣù tàbí ọdún kí ara rẹ̀ tó pinnu. Bó bá ti pinnu, kì í gbàgbé. Nígbàkigbà tí nǹkan náà bá tún kan awọ, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, yíyún dé.

Wáìpù ló kọ́ ara Ìyá Ìbejì. Ìpara mi ló wá bá a nínú ilé.

Ẹ wo fọ́ọ̀mù mi nígbà náà. Wákàtí 24 péré, lára ènìyàn tí ara wọn kò kọ nǹkan kan. Ohun tó ń ta ni lára nìkan ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè rí. Àwọn láàbù ńlá lókè òkun náà ní èyí tó jọ ọ́: wọ́n máa ń hu awọ ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú àwo, wọ́n á kán nǹkan lé e, wọ́n á fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á dúró fún wákàtí 42, wọ́n á wá wo iye sẹ́ẹ̀lì tó ṣì wà láàyè. Bó bá ju ìdajì lọ, wọ́n á ní kò ta ni lára. Iṣẹ́ tó dára ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ehoro, tí wọ́n máa ń fi dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ ìyà. Ṣùgbọ́n awọ inú àwo kò ní ẹ̀ṣọ́ tó ń rántí nǹkan. Kò lè kọ ohunkóhun. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi tó wà lára awọ, tí wọ́n ń ṣe ní Jámánì, òun náà á sọ fún ọ bóyá ìpara ń dá omi dúró lára. Kò lè sọ bóyá ara Ìyá Ìbejì máa gbà á.

Mo tún jókòó ti ìṣirò. Ká ní ẹnì kan nínú 100 ni ara rẹ̀ kọ nǹkan kan. Bí mo bá ṣàdédé kó ogún ènìyàn jọ nígbà 100, nínú ìgbà bíi 82 ni n kò ní bá ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé. Kó tó lè dá mi lójú dé ìwọ̀n 95 nínú 100 pé n ó bá ó kéré tán ẹyọ kan, àfi kí n kó bíi 300 jọ. Ibo ni mo ti fẹ́ rí 300? Ogún "Rárá" tí mo gbá mọ́ra yẹn kò tó nǹkan.

Dókítà fún un ní òògùn olóròóró tí kò ní omi nínú, ó ṣàlàyé pé ohun tí kò lómi kì í sábà nílò kẹ́míkà amúǹkan-má-bu. Ó ní kó fi wáìpù sílẹ̀, kó máa fi òwú àti omi nu ìdí ọmọ, kó máa fi faselíìnì lásán pa ara. Ìdánwò ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń lẹ nǹkan mọ́ ẹ̀yìn ènìyàn láti mọ èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, di oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọ̀nà náà kì í ṣe tuntun; dókítà ọmọ Jámánì kan, Josef Jadassohn, ló gbé e síta ní 1895. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n lẹ̀ ẹ́: àwọn ife pẹlẹbẹ tí fífẹ̀ wọn kò ju mílímítà mẹ́jọ lọ, tò lẹ́sẹẹsẹ lórí pílásítà, díẹ̀ díẹ̀ nǹkan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òrí mi wà níbẹ̀, ìda, gílísírìnì, òróró àgbọn, ìpara fúnra rẹ̀, lọ́fínńdà oríṣiríṣi tí àwọn dókítà máa ń fi dán ni wò, níkẹ́ẹ̀lì, àti MI tí wọ́n fi omi là dé ìwọ̀n 0.2 nínú 100. Wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ da omi sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì, kò gbọdọ̀ pọn ọmọ. Fún ìyá ìbejì, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn. Ìyá rẹ̀ ló wá láti Ilésà wá bá a gbé wọn. Ọyẹ́ tí à ń bú ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, torí òógùn kì í jẹ́ kí pílásítà lẹ̀.

Ní Wẹ́sídé, wọ́n ṣí i. Mo wò ó, n kò rí nǹkan kan tó pupa. Ọkàn mi fò sókè, mo ti fẹ́ máa dúpẹ́. Dókítà ní kí n mú sùúrù. Ó pa iná yàrá, ó fa kọ́tínì, ó tan iná fóònù rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Òjìjì kékeré kan yọ lẹ́yìn Ìyá Ìbejì, ní ibi nọ́ńbà 11. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi lé e. "Ẹ fọwọ́ rá a." Ó dà bí ìgbà tí hóró gaàrí wà lábẹ́ aṣọ ibùsùn. Àwọ̀ rẹ̀ ṣú díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ, ó ń lọ sí àlùkò, kò sì pupa rárá. Ó ní lára awọ dúdú bíi tiwa, ìka máa ń rí i kí ojú tó rí i.

N kò tíì gbàgbé ìka mi lórí ẹ̀yìn yẹn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí fọ́ọ̀mù mi ni "Ṣé ó pupa?" Ibi tí wọ́n ti ń yẹ awọ òyìnbó wò ni mo ti dà á kọ. Mo rántí ọmọbìnrin kan nínú ogún náà tó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, kò pupa o, ó kàn ṣú díẹ̀ ni." Èmi ni mo ní kó kọ "Rárá."

Ní Fúráìdè, wọ́n tún kà á. Nọ́ńbà 11, MI, ti wú dáadáa, omi tín-ín-tìn-ín ti ń yọ lórí rẹ̀. Dókítà kọ àmì àròpọ̀ méjì sí i, ìyẹn ni pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ gan-an. Ibi tí ìpara mi wà, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ní Wẹ́sídé, ti ní kókó kéékèèké: àròpọ̀ kan. Ká ní ọjọ́ méjì ni wọ́n fi mọ, wọn ì bá dá ìpara mi láre. Òrí kò ṣe é ní nǹkan kan, ìda kò ṣe é, gílísírìnì kò ṣe é.

Mo pe oníṣòwò Èkó, mo ní kó ya fọ́tò ara dúróòmù tó ti ń bu kẹ́míkà náà fún mi. MI wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lódindi. N kò rò pé ó purọ́ fún mi. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un, bí èmi náà kò ṣe tẹ̀ ẹ́ nínú tó. Láti 2005 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà kí wọ́n máa lò ó nínú ìpara, tí kò bá ti ju 100 nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ pọ̀ débi pé ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń rí sí irú àìsàn yìí fi í ṣe "ohun tí ara ń kọ̀" ti ọdún 2013, ìyẹn ohun tí wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn ṣọ́ra fún lọ́dún náà. Ní 2017, Yúróòpù fòfin dè é nínú gbogbo ohun tí à ń pa sára tí a kì í fọ̀ kúrò. Ọdún kẹfà lẹ́yìn òfin yẹn ni mo ń fi pa ọrùn ènìyàn ní Ifẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ike tàn yín. Amẹ́ríkà gbìyànjú ní 1975 láti ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ kọ "hypoallergenic" (pé ara kì í sábà kọ̀ ọ́) sára ọjà gbọ́dọ̀ fi àyẹ̀wò gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì fagi lé òfin náà ní 1977. Títí di òní, ohun tó bá wu oníkálukú ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí.

Ike 64 ni mo ti tà nínú èyí tí mo pò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Mo pe gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo dá owó wọn padà, 51 padà wálé. Obìnrin kan ní Ilésà sọ pé ọrùn ń yún òun, òun ti fún ọmọ ọ̀dọ̀ òun. Mo wá ọmọ náà rí, mo gba ike náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Phenoxyethanol ni mò ń lò báyìí, kò ju ìwọ̀n kan nínú 100 lọ. Ó wà lára ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn Ìyá Ìbejì, ara rẹ̀ kò sì kọ̀ ọ́. Síbẹ̀ a kò yára. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jinná tán, ó ń fi ìpara tuntun sí inú ìgbọ̀nwọ́, níbi tí apá ti ń ká, ojú kan náà, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọjọ́ 14. Lójoojúmọ́ ló ń fi ìka rá a. Kò sí hóró kankan níbẹ̀. Mo ti yọ "A ti yẹ̀ ẹ́ wò" kúrò lára ike mi. Orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí, àti bí ènìyàn ṣe máa fi inú ìgbọ̀nwọ́ dán an wò fúnra rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta, ó pè mí ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Lánlọ́ọ̀dù wọn ti gbé ọ̀dà dé, wọ́n fẹ́ kun gbogbo ilé kí Ọdún Àjíǹde tó wọlé. Ó ti lọ yí garawa rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i, ó wá ń pe lẹ́tà náà sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan: m, e, t, h, y, l. N kò jẹ́ kó pè é tán. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi MI sí máa ń tú u sínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti gbẹ lójú, ojú àti ọrùn ni yóò sì ti bá irú rẹ̀ jà. Mo ní kó má sun ilé náà.

Ó ní òun ti di ẹrù àwọn ọmọ. Ọkọ̀ Ilésà àárọ̀ ni wọ́n bá lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.